Ewúrẹ́ Aroko Abẹ́ Odán

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí òrùlé. Abẹ́ igi odán tí àwọn ẹranko àdúgbò ti ń gbatẹ́gùn ló bà sí, ó bà lé Ewúrẹ́ alájẹkì.

Koríko fẹ́ bo abẹ́ odán náà, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kálukú yóò wá ṣe ọ̀wẹ̀. Ajá ní òun yóò máa gbálẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ní òun yóò máa bomi rin òdòdó. Ewúrẹ́ ní, "Ẹ fi oko ríro sílẹ̀ fún èmi." Ló bá ki ẹnu bọlẹ̀, ó ń jẹ, ó ń kọrin:

Èmi ni mò ń roko o.
Ègbè: Ewúrẹ́, o kú iṣẹ́.
Eyín mi ni ọkọ́ mi.
Ègbè: Ewúrẹ́, o kú iṣẹ́.

Nígbà tó jẹ koríko tán, ó jẹ òdòdó Pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ọn, ó ní èpò ni. Ó tún ní, "A kì í bẹ ọ̀wẹ̀ ká má wá oúnjẹ." Wọ́n gbé èèpo iṣu fún un, ó jẹ ẹ́.

Ajá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún tí wèrèpè ti so jìngbìnnì."

Ewúrẹ́ wò ó, ó fà sẹ́yìn. "Ìyẹn kì í ṣe oko. Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Wọn ò bá a jà. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn nírù.

Ìdí nìyí tí ìrù ewúrẹ́ kì í fi í sinmi: ó ṣì ń gbálẹ̀, afẹ́fẹ́ ló kàn ń gbá. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ wo ìdí ewúrẹ́ ilé yín.