Síkẹ́ẹ̀tì Pẹ̀lúmi àti Ṣòkòtò Nojeem

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

1.
Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kúdẹtì, tíṣà kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìbáwí. Gbogbo èèyàn ló sì gbà pé òun ló máa di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹni tó wà nípò náà bá fẹ̀yìn tì. Ó mọ ọmọ kọ́, ká sọ òótọ́. Ìgbéraga rẹ̀ ló pọ̀.

Láràárọ̀, ẹnu géètì ló máa ń dúró sí. Bí ọmọbìnrin bá dé, á ní kó kúnlẹ̀. Bí etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò bá ti kanlẹ̀, ilé yá nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ tí àwọn ìyá wa kọ́ wa láti fi kí àgbà, ó ti sọ ọ́ di ìyà lójú títì. Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Wọ́n á wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ itan pinpin, wọ́n á fà á wálẹ̀ títí pátá á fi yọ síta, wọ́n á kí tíṣà, wọ́n á sì wọlé.

2.
Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Olúwapẹ̀lúmi. Ó kàn ṣàdédé ga lọ́dún yẹn ni. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba, ti tú etí síkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ títí kò fi sí nǹkan tó kù láti tú, agbára àtirán tuntun ò sì tíì sí. Pẹ̀lúmi ló mọ ìṣirò jù nílé ẹ̀kọ́ náà, síbẹ̀ ilé ló ń wà ju kíláàsì lọ. Ọ̀rọ̀ náà sú ìyá rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún lé e wálé lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ onídìrí. Pẹ̀lúmi wọ yàrá lọ, ó sunkún.

3.
Ọjọ́ ìdíje ìṣirò láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ wá pé. Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Àwọn tó máa ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn ni Pẹ̀lúmi, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nojeem, àti Bushrah, ọmọ bíbí inú Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Arábìnrin Adébáyọ̀, ti ṣáájú lọ. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì kó àwọn ọmọ náà wá bá òun.

Pẹ̀lúmi dé géètì. Tíṣà ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì ò kanlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun yá ìró kan ró lé e. Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní irú ẹsẹ̀ báyìí ló ń da ọkàn àwọn ọmọkùnrin rú, kó máa lọ sílé.

Nojeem, tí ṣòkòtò tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìdí, wá sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi yìí náà ò bófin mu. Ẹ ò yẹ̀ mí wò rí."

"Ọkùnrin ni ẹ́," ni tíṣà dá a lóhùn.

Bí Bushrah ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó jáde sí ìta géètì, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹ̀lúmi. Síkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi. Bí Pẹ̀lúmi ò bá lọ, èmi náà ò lọ."

Nojeem kúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin inú ọgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, oníhíjáàbù àti ọmọ Aládùúrà, gbogbo wọn kúnlẹ̀ sójú títì. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n ń wò.

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí ṣì lè tún un ṣe nígbà yẹn. Ìgbéraga ò jẹ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní àwọn ọmọ náà ló kọ̀ tí wọn ò wá, pé Pẹ̀lúmi ló ń kì wọ́n láyà.

4.
Arábìnrin Adébáyọ̀ gun ọ̀kadà sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó. Ó bá gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀. Ó bi Bushrah ohun tó ṣẹlẹ̀. Bushrah wo ojú bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ òótọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì," ni obìnrin náà wí, "ẹ purọ́ fún mi." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa Pẹ̀lúmi dìde. "Ó yá, ọmọ mi. Wọ́n ń dúró dè ọ́."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà kí wọ́n tó dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ti gba máàkì ṣíwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n lé wọn bá. Nígbà tí ìbéèrè tó kẹ́yìn dé, àwọn yòókù ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí Pẹ̀lúmi nawọ́ sókè. Ó gbà á. Bí wọ́n ṣe gba ipò kìíní nìyẹn! Wọ́n gbé ife náà gba Ọjà'ba kọjá pẹ̀lú orin. Ìyá Pẹ̀lúmi fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní ibi yòówù kí ìwé rẹ̀ gbé e dé, òun wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn òbí ṣèpàdé. Wọ́n fagi lé òfin àtijọ́: òfin kan náà ló wà fún ọkùnrin àti obìnrin báyìí, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ lè wọ ṣòkòtò, wọn kì í sì í lé ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí aṣọ mọ́. Wọ́n gba ipò ìbáwí lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, ẹlòmíràn ló sì di igbákejì ọ̀gá. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ipò tó bọ́ kọ́ ló dun òun jù, bí kò ṣe pé ọmọ òun kúnlẹ̀ sójú títì nítorí ẹ̀bi òun.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi àṣẹ sí lọ́wọ́, ẹ ṣọ́ra. Bí aṣọ bá jẹ́ ọ̀ràn, ẹ yẹ ti ọkùnrin wò bí ẹ ṣe ń yẹ ti obìnrin wò. Ẹ má ṣe gbé ẹrù ojú ọmọkùnrin lé ọmọbìnrin lórí, ẹ má sì ṣe fi etí aṣọ díwọ̀n ọgbọ́n orí ọmọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè.