Ayùnrẹ́ Tó Há Sórí Ìrókò

Láti ọ̀sán ni èmi àti Fálétí, àbúrò ìyàwó mi, ti ń fa okùn, àmọ́ ayùnrẹ́ tí a gé kò wó. Ó há sórí ìrókò, lókè ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ pọnmi láàárọ̀. Bí a bá fà á díẹ̀, nǹkan á tún fà á padà sókè.

Ilẹ̀ ń ṣú. Fálétí ju okùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ gé e lábẹ́."

"Igi tó há kì í kìlọ̀ kó tó wó," mo dá a lóhùn.

Ìyá arúgbó kan tí a ò mọ̀ rí wá dúró lábẹ́ igi náà.

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀!" mo kígbe.

Ìyá náà gbójú sókè sí orí ìrókò. "Ó tó. Fi sílẹ̀ fún wọn." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ayùnrẹ́ náà wó lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohun kan tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ìrókò, tó ń tẹ̀ lé ìyá náà lọ.