Títí Ojú Kọ̀ǹpútà Yóò Fi Ṣí

Káfíńtà náà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú tábìlì akọ̀wé. Àga kan wà láàárín wọn, báàgì ìyàwó ló sì gba ibẹ̀ kan. Adájọ́ ti gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wọn tán, ìtẹ̀ka ló kù. Yàrá kékeré yìí, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Akọ̀wé náà jẹ́ obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ka ohun tí òfin ní kó kà fún wọn, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè yí ọkàn padà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó kà á bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà mọ́tò. Àwọn náà ò fetí sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n," ìyàwó sọ, akọ̀wé ló ń wò, "ṣé wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ilé wá."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ó wà lápò mi," ọkọ dáhùn.

"Wọ́n ní ó wà lápò wọn," akọ̀wé sọ. Iṣẹ́ yìí náà ti mọ́ ọn lára.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Ìka rẹ̀ ti yi débi pé ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí akọ̀wé ní kó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ìyàwó tẹ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ìka kúrò kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó di àwọ̀ eérú. Àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ àmì náà: Jọ̀wọ́ dúró.

"Ṣó ti tán?" káfíńtà bèèrè.

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, sà." Akọ̀wé ti máòsì síwá sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i. "Kò sí ohun téèyàn lè tẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kọ́wọ́ èèyàn má baà ṣèèṣì tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n dúró. Níta, ọkùnrin kan ń gbìyànjú láti há mọ́tò rẹ̀ sáàárín ọkọ̀ méjì tí kò gbà á, káfíńtà sì ń wò ó. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́, kò sì dùn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti kú nínú rẹ̀, bí apá téèyàn sùn lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ kò ju kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ, èyí tí ìyá ìyàwó fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Káfíńtà tú u, ó fi pákó rẹ̀ parí iṣẹ́ oníbàárà kan tó ń kánjú. Pákó lòun kà á sí. Ìyàwó kò bú u, kò sunkún. Ó panu mọ́, ọkọ náà pa tiẹ̀ mọ́, nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ilé náà mọ́.

"Mi ò lo àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀," káfíńtà sọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyàwó tó mọ̀ pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Mo gbé ayùn lé e, ọkàn mi ò gbà á. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi tapólì bò ó."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ta ni kí n sọ fún? O ò bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin ń bá mi sọ̀rọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń rán sí mi, pé kí wọ́n bi mí ibi tí sọ́kì yín wà!"

"Àwọn náà ò sì rí èsì mú bọ̀. Bàtà lásán ni mo wọ̀ lọ síwájú adájọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó. Ó ya òun pàápàá lẹ́nu, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wo ojú kọ̀ǹpútà, àmì róbótó náà ṣì ń yí. Ó tún ti máòsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò ní gbọ́.

"Mi ò fẹ́ ṣe é mọ́, Dádì," ìyàwó sọ. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Káfíńtà gbé báàgì kúrò lórí àga àárín, ó jókòó síbẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kọjú sí akọ̀wé. "Ma, ẹ bá wa dá a dúró. A ti yí ọkàn padà, àwa méjèèjì."

"Kò gbọ́ nǹkan kan báyìí, sà. Mo ti sọ fún yín."

"Ṣé ká dúró títí á fi ṣí ni?"

Akọ̀wé wo ọwọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ máa lọ sílé," ó sọ. "Ohun tó bá kù, èmi á ṣe é."

"Ó dájú, ma?" ìyàwó bèèrè.

"Ẹ máa lọ. Òjò ti fẹ́ rọ̀."

Wọ́n dúpẹ́ títí ó fi sú akọ̀wé. Káfíńtà ní tábìlì rẹ̀ ń mì, pé òun á wá bá a kàn án láìgba kọ́bọ̀. Akọ̀wé ní kò burú. Láti ojú fèrèsé, ó rí wọn níta: ọkọ ló gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ń bára wọn jiyàn ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí àwọn tó kàn máa wọlé bọ̀.

Kí ojú kọ̀ǹpútà náà tó ṣú ni ìgbéyàwó wọn ti túká, ní kété tí ìyàwó gbé ìka kúrò. Ìròyìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kàn ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọ́fíìsì yòókù, akọ̀wé kì í sì í sọ èyí fún àwọn tó bá ti ń rẹ́rìn-ín.