Ohun Tí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Páì

Leah gbé páì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó lè rí àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́yìn nàílọ́ọ̀nù rẹ̀. Páì ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni. Kálórì ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ṣúgà, gíráàmù mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rá, gíráàmù mẹ́rìnlá. Iyọ̀ kò tó gíráàmù kan. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí wọ́n fi ṣe é: fúláwà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹ̀pà níbẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ tún ti ń kàwé," ni Peculiar wí. "Páì ni o, kì í ṣe Bíbélì."

Títílayọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun, Ìyá Peculiar. Ṣúgà yẹn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù."

"Ṣúgà ò lè pa á lónìí. Ẹ̀pà lè pa á."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún méje ni Peculiar. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀pà bíi mélòó kan ló jẹ tí ọ̀fun rẹ̀ fi dí. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù ní Oǹdó. Láti ìgbà náà ni Leah ti ń ka ẹ̀yìn gbogbo ohun tó bá wà nínú nàílọ́ọ̀nù.

Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí òun àti ọmọ náà ti kó kúrò ní Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé opó ni òun. Ó sọ fún àwọn tíṣà pé òun nìkan ni kí wọ́n máa fa ọmọ lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń fa Peculiar sẹ́yìn. Ìròyìn ajínigbé kì í tán lórí rédíò, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í nídìí.

Wọ́n jáde. Ọjọ́ Sátidé ni, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba kún fún kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orígun títì kí Peculiar tó rí nàílọ́ọ̀nù náà já. Ó gé páì jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ọkùnrin kan sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wòtún, ó ń wòsì. Ó rí ọmọ náà, ó dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Peculiar!"

Ó fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbá páì náà dànù, ó di àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ náà bì. Leah wo ojú ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tó figbe ta.

"Gbọ́mọgbọ́mọ rèé o! Ẹ gbà mí o!"

Silas tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lódìkejì títì ló kọ́kọ́ dé. Sùpánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gbá ọkùnrin náà lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀pà," ni ọkùnrin náà ń wí nínú ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀pà ni..."

"Ẹ gbọ́! Ẹ̀pà ló fẹ́ fi tan ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ó tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀! Ta ló kọ́ ọ lórúkọ ẹ̀, ẹran?"

"Ọmọ mélòó lo ti tà?"

Àwọn ọlọ́kadà dé. Igi dé, bẹ́líìtì dé. Wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára, wọ́n fà á lẹ́sẹ̀ lórí òkúta. Nígbà tó na ọwọ́ sí ibi tí ọmọ náà wà, ẹnìkan fi bàtà tẹ ọwọ́ náà títí egungun fi dún.

Leah ti fi ìborùn rẹ̀ bo Peculiar lórí, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ àyà kó má baà rí ohunkóhun. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, ó ń jà láti bọ́, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀.

"Ó ti tó, ọmọ mi. Má wò ó. Má wò ó rárá."

Ọlọ́kadà àgbàlagbà kan gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná! Mo ní ẹ dúró! Màmá, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

Wọ́n yíjú sí Leah. Ọkùnrin náà gbórí sókè láti ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ló ṣì ń là.

"N ò mọ̀ ọ́n rí," ni Leah wí.

Silas gbé búlọ́ọ̀kù kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ lé e lórí. Lẹ́yìn ìkejì, ọkùnrin náà kò mira mọ́.

Ìgbà náà ni Títílayọ̀ la àárín èrò kọjá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí ẹni tó wà nílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ẹni tó ń kó páì wá fún mi láti Oǹdó ni! Kí ló ṣe yín?"

"Ọmọ ló fẹ́ jí," ni Silas wí.

"Ọmọ wo? Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé, kò pẹ́ tí Ìyá Peculiar jáde. Ó ní nàílọ́ọ̀nù páì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ti tán ní ilé búrẹ́dì wọn. Bó bá ti tán báyẹn, èyí tó bá ṣẹ́kù nílẹ̀ ni wọ́n máa fi ń dì í. Ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi di èyí tó kó wá láná. Mo pariwo pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á fún Peculiar, ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀pà. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi sáré jáde. Èmi gba ẹ̀yìn, mo ti dé ibùdó kẹ̀kẹ́ tí mò ń wá yín."

Igi bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Silas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin yí Leah ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ò mọ̀," ni ọ̀kan nínú wọn ń wí. "Ìyá wo ni kò ní pariwo? Ẹ má fi jẹ ara yín níyà. Ẹ̀yin ò mọ̀."

Leah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Peculiar já orí gbà kúrò lábẹ́ ìborùn, ètè rẹ̀ òkè ti wú díẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ní ẹ ò mọ Dádì?"