Èsì tí Ganiyat Fi Ránṣẹ́

Ganiyat ti fi èsì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n Hussein kò tíì gbọ́ ọ.

Ọkùnrin náà, tí àwọn ará ilé ń pè ní Bàbá Àlíù, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, kí ó tó fẹ̀yìn tì sí yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́. Opó ni Ganiyat, ọmọ Ìṣẹ́yìn bíi tirẹ̀, tí ń ta okùn àwọ̀n fún àwọn apẹja Snake Island. Kí obìnrin náà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, Hussein bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Ganiyat ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "N kò fẹ́ kí ẹ máa já lu ọ̀rọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Hussein ti ilẹ̀kùn, ó pa fèrèsé dé. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà ń han gooro bí ìṣe rẹ̀ ní àràárọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà yadi.

Ní Iléyá tó kọjá, kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni wọ́n fi gbé orin síta láìlo wáyà fún gbogbo àgbàlá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ó pe Ganiyat kí ó ní kí ó tún un sọ, ìtìjú kò jẹ́. Àgbàlagbà kì í bi obìnrin lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó gba òun. Kí ó pe ará ilé wá, ìyẹn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Ganiyat kọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun béèrè. Nítorí náà ni ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lóun nìkan ní àràárọ̀, bóyá yóò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó jáde, ó bá Preye akunlé, ará ilé rẹ̀, níbi tí ó ti ń kun ilẹ̀kùn yàrá Hussein ní àwọ̀ ewé.

"Preye, ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ọ̀dà ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, Bàbá Àlíù." Preye kò gbójú sókè. "Ìgbà tí ẹ bá ṣetán, àwa ti ṣetán."

Hussein kò mọ ohun tí wọ́n ṣetán fún. Ó kọjá lọ sí ìsọ̀ Obiageli lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ó ta áṣáà fún òun.

"Ó ti tán, Bàbá."

"Agolo rẹ̀ kọ́ nìyẹn lẹ́yìn rẹ?"

"Agolo lásán ni. Ẹ gba bisikíìtì." Obiageli na ọwọ́ sí sípíkà ńlá tó wà lórí fírísà rẹ̀, ó yí orin sókè, ọ̀rọ̀ sì parí.

Nígbà tí ó padà, kò bá ewúrẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ilé ìdáná níbi tí ó máa ń sùn sí. Ó bá a lẹ́yìnkùlé, nínú ilé tuntun tí Oghenetega káfíńtà kàn fún un. Hussein rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ojú òun ti ń dà bí ojú aláìsàn tí wọ́n fi ń ṣàánú òun báyìí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó lọ sí Warehouse Road, ó mú Chibuike wá, ẹni tí ó to kọ̀ǹpútà náà fún un.

"Bàbá, no wàhálà," ni Chibuike wí bí ó ti jókòó. "Línúùsì, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fi sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí yàrá tí wọ́n tì pa níbẹ̀. Ibi yòówù tí ohùn bá sá sí, a máa bá a níbẹ̀."

Ó wò ó bóyá ẹnìkan ti pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sókè dé góńgó. Ó yọ wáyà sípíkà kékeré méjèèjì, ó tún un kì bọ ojú ihò aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ó tẹ ìdánwò tí ohùn kan fi máa ń pe òsì àti ọ̀tún ní èdè òyìnbó. Yàrá dákẹ́. Níta, àwọn ọmọdé tò bí sójà, wọ́n ń gba abẹ́ fèrèsé kọjá: "Léfùtì! Ráìtì!"

"Ẹ wo ilà yìí, Bàbá. Ó ń jó. Ohùn ń jáde."

"Ṣé etí mi ló di ni?"

"Etí yín àti etí mi ò lè dì lọ́jọ́ kan náà o."

Chibuike ṣí ojú ewé tí ń fi ọ̀nà tí ohùn ń gbà hàn. Ó wò ó pẹ́. Ó ṣí fèrèsé, ó yọjú síta, ó sì bu ètè jẹ kí ó má baà rẹ́rìn-ín.

"Kí lo rí?"

"Kò tó nǹkan, Bàbá. Ó kàn ṣìnà ilé ni." Ó yí ẹyọ nǹkan kan padà, ó dìde. "Ó yá, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín." Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Hussein tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ Ganiyat láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó sì jáde sí àgbàlá. Gbogbo ará ilé ti pé síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé mi," ni ó wí, ó rọra ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn, "mo ní ìròyìn kan tí etí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí."

Obiageli wúkọ́ díẹ̀ bí Ganiyat gan-an ti wúkọ́, gbogbo àgbàlá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Bàbá Àlíù, mo gbà o, ṣùgbọ́n ẹ kun ilẹ̀kùn yẹn ní àwọ̀ ewé, ẹ lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ilé ìdáná, ẹ má sì fín áṣáà mọ́," gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní àràárọ̀ láti inú sípíkà ńlá Obiageli, tí kọ̀ǹpútà náà kò jáwọ́ lára rẹ̀ láti ọjọ́ Iléyá títí Chibuike fi dé.