Ìbéèrè Àwẹ̀ró

Ẹ̀rọ oníṣẹ́-abẹ ti dá Bàbá Dúrótoyè lóhùn tán: eegun àárín imú rẹ̀ tó wọ́ yóò tọ́, ojú rẹ̀ kò ní yí padà, kò sì ní dùn ún. Ó ku Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn kò bá tẹ̀ka, òfin kò gbà kí abẹ kan imú.

"Ṣé yóò ṣì máa hanrun?"

"Kò ní hanrun mọ́, mà."

Àwẹ̀ró fa àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn. "Kí ni n ó wá fi mọ̀ lóru pé ó ṣì ń mí?"



Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé n kò jẹ́ kó o sùn." Ó mú ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀. "Máa wá èémí mi níbí."

Àwẹ̀ró ka èémí ọkọ rẹ̀ dé ogún kó tó tẹ̀ka.