Ilẹ̀kùn Òrùlé Vimlesh

Ìkà ló wà lọ́kàn Vimlesh, kì í ṣe pé ó ṣaláìní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún un ní ìlú Banda kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, ìyàwó ọmọ náà, Suman, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ohun tó dùn mọ́ Vimlesh bíi kí ẹ̀rù òun máa ba àwọn tó wà lábẹ́ òun.

Orí òrùlé ló ti ń jọba. Òrùlé sìmẹ́ǹtì pẹrẹsẹ ni, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Ilẹ̀kùn irin kan wà lókè àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀, inú ilé ni wọ́n sì ti ń fi irin ìdábùú tì í. Phulkali, ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ tó yá yàrá kan nísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ débẹ̀ láìgba àṣẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí oòrùn máa ń mú jù lọ nílùú wọn, Phulkali gbé aṣọ tútù lọ sókè láìtọrọ àyè. Vimlesh ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó padà sísàlẹ̀, ó jókòó sábẹ́ fáànù, ó sì ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ dákun, oyún wà nínú obìnrin yẹn," ni Suman bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé èmi ni mo fún un lóyún ni? Jókòó síbẹ̀, ìyàwó! Jẹ́ kí oòrùn kọ́ ọ lọ́gbọ́n díẹ̀."

Ìgbà tí kíkàn náà dákẹ́ ló tó lọ ṣílẹ̀kùn. Phulkali rá sọ̀ kalẹ̀ ni. Orí ló yọ ọmọ inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Vimlesh ti ṣòfin: "Ìdábùú yẹn gbọ́dọ̀ wà ní títì. Bí ẹ bá gbọ́ ìkànkùn níbẹ̀, ẹ di etí yín. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó di ẹrù ẹ̀!" Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ á yọ́ gun àtẹ̀gùn, á fi ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lu irin náà, kó lè mọ ẹni tí yóò sáré wá. Suman sáré wá lẹ́ẹ̀kan. Ebi ni Suman fi sùn lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn.

Nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jó bí iná, Suman lọ pọn omi ládùúgbò. Vimlesh ti sọ fún un pé òun fẹ́ sùn. Àfi bó ṣe rántí máńgòrò tó fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ sínú ìkòkò, tó sá sórí òrùlé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, nítorí ní ilé wọn, bàtà kì í súnmọ́ máńgòrò àpamọ́, kó má baà bu. Ó ní òun kàn fẹ́ yí àwọn ìkòkò náà sí oòrùn ni.

Suman dé, ó rí i pé ìdábùú wà ní ṣíṣí. Bí Màmá bá jí, ta ni wọ́n máa bá wí? Ó yọ́ gòkè, ó rọra tì í.

Vimlesh gbọ́ ìró irin. Ó kígbe, afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí sìmẹ́ǹtì tó ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó fa aṣọ orí àwọn ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ooru ṣì ń gbà á kọjá. Òjìji táǹkì omi tó ti gbẹ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn Phulkali níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, níbi tí wọn kò ti lè rí ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Suman, ta ló ń kànkùn?"

"Mo rò pé ìwọ ni!"

"Èmi tí mo dúró síwájú yín yìí?"

"Yéè! Á jẹ́ pé Màmá ló tún ń dán wa wò. Phulkali, má fọwọ́ kàn án o! Wọ́n á lé ẹ."

Vimlesh fẹ́ pariwo pé, "Èmi ni!" Kò sóhùn. Kíkàn nìkan ló kù tó lè ṣe, bó sì ṣe ń kàn án tó ni ẹ̀rù ń ba Suman tó. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wá mọ̀ pé òun fẹ́ kú, òfin òun ni yóò sì pa òun.

Àmọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lọ.

"Àǹtí, mo mọ oòrùn yẹn," ni Phulkali wí. "Ẹni yòówù kó jẹ́, mi ò lè gbọ́ èyí kí n di etí. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi." Ó gun àtẹ̀gùn tó kù, ó fa irin náà, Vimlesh sì ṣubú lù ú.

Vimlesh kò kú. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló bó, ẹnu rẹ̀ yẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á fi ẹ̀gbà ọwọ́ òsì kan ògiri. Suman á gbọ́ ọ ní ilé ìdáná, ara rẹ̀ á gan, ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbi etí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kó tó rántí, kó tó bu omi, ó máa ń pẹ́. Vimlesh á sì máa kàn án, á máa kàn án.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ nílé lórí, tí ẹ fi ń dẹ́rù ba ẹni tí kò ní, ẹ gbọ́: ilé kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti jẹ ọmọ ẹlòmíràn níyà. Bí ẹ bá kọ́ àwọn tó yí yín ká láti di etí sí igbe ẹni tó wà nínú ìyà, wọn yóò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, etí náà kò sì ní mọ̀ pé tiyín ni igbe tó ń bọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ yín ṣì tó o.